Baba Tún-un-lù

Màámi,

Èmi àkọ́bí yín ló dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí ìwé yìí. Ara mi le. Inú ihò àtijọ́ kan ni èmi àti àbúrò mi ti ń wa bàbà. Níbi tí omi bá ti kan bàbà, àwọ̀ ewé ló ń yọ. Tí ìlà ewé bá hàn lórí àjà ihò, omi ti ń la òkúta nìyẹn. Èmi ni mo ń fi ọ̀pá irin lu àjà kí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù tó wọlé. Bó bá dún kangó, ó le. Bó bá dún bí ìkòkò òfìfo, kí a sá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń lù ú, torí n kì í gba etí ara mi gbọ́. Ni wọ́n bá sọ mí ní Baba Tún-un-lù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n Tún-un-lù, bàbá wa ti lọ, ẹ jẹ́ kí bàbà tọ́ wa o!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo rí ìlà ewé. Ojú tì mí. Mo lù ú lẹ́ẹ̀kan péré, mo ní, "Ó le. Wọlé."

Ẹ bèèrè ìdí tí àbúrò mi kò fi kọ̀wé. Ọwọ́ rẹ̀ dí ni. Ibi tó wà tutù, oòrùn ò pa á, wọ́n sì ti fi símẹ́ńtì dí ẹnu ihò, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ ọ́ lẹ́nu. Kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ má dúró dè é mọ́. Iṣẹ́ náà máa pẹ́.

Láràárọ̀ ni mo ń fi ọ̀pá lu símẹ́ńtì náà lẹ́ẹ̀mejì. Kangó ló ń dún.

Ẹ bá mi kí ará ilé. Àbúrò mi náà kí yín.