Ọwọ́ Létí Lẹ́yìn Tí Ọfà Ti Lọ

Bàbá mi àtàtà,

Ara mi ò balẹ̀, ni mo ṣe mú bírò. Ọ̀la ni ọdún kan tí ẹ ti lọ máa pé, ọ̀la náà sì ni ẹbí máa mọ ẹni tí ọrun yín máa bá lọ. Ẹ mọ àṣà ilé wa: ẹni tó bá fi ọrun olóògbé ta ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́fà, tó sì bà á, ló ni ín. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Múfú, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, la jọ fẹ́ ẹ. Ẹ má pè é ní Múfú mọ́ o, ó ti joyè. Bó bá fẹ́ tọrọ omi lásán, á kọ́kọ́ ṣe ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Ògiri pálọ̀ rẹ̀ ló fẹ́ gbé ọrun kọ́ sí, nínú gíláàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ara rẹ̀. Bí ọsán bá já, ọrun dọ̀pá. Èyí tí wọn ò ní í fà mọ́ láéláé ńkọ́?

Mo ti ń kọ́ ọfà títa lẹ́yìnkùlé wa ní Pedro, níbi tí ẹ ti máa ń tafà lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín ní Ṣómólú bá sinmi. Àwọn àgbà ní ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò tó ohun tí à ń pọ́n àdá sí. Ọfà tèmi ò gbọ́ òwe yẹn. Ó ń bọ̀wọ̀ fún ìtí náà gan-an ni. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà kọjá. Ọ̀kan fo fẹ́ǹsì, ó bọ́ sídìí ààrò Ìyá Rìsí tó ń yan ẹja Ìlàjẹ.

“Tíṣà, ṣé ẹja mi lẹ̀ ń dọdẹ ni? Ó ti kú tẹ́lẹ̀ o!”

Mo mọ ohun tó ń ṣe mí. Ẹsẹ̀ mi dúró ire, apá òsì mi nà, ọwọ́ ọ̀tún mi fa ọsán dé etí. Àmọ́ bí mo ṣe ń jù ú sílẹ̀ ni orí mi ti ń yọjú wo ibi tó máa bà, ọrun á sì bá orí lọ. Ìwàǹwára ni. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, mi ò lè jókòó síbì kan. Mò ń ṣí ìkòkò ìrẹsì kó tó jinná. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe yín nígbà tí Màámi kú?

Ẹ máa ń bọ́ fìlà fún mi mú. Bí ọfà bá ti lọ, ọwọ́ yín á ṣì wà létí, bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn ẹnì kan lókèèrè. Mo rò pé fáàrí lẹ̀ ń ṣe. Kí lẹ̀ ń gbọ́ gan-an, Baba?

Láàárọ̀ yìí, mo fi fìlà yín kọ́ ìṣó. Mo fa ọsán, mo jù ú sílẹ̀, mo fi ọwọ́ sílẹ̀ létí. Ojú ń yún mi. Mi ò yọjú. Mo gbọ́ gbì!

Ìyá Rìsí pariwo láti orí fẹ́ǹsì: “Tíṣà, ó wọlé o! Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀ ná, ta lẹ̀ ń tẹ́tí sí?”

Inú mi dùn, mo ta òmíràn kíákíá, mo yọjú, ó sì tàsé. Ẹ ò rí i bí ọ̀la ṣe lè rí. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá ju ọsán sílẹ̀ níwájú ẹbí, ẹ sọ nǹkan kan, kékeré náà ni, kí n lè rí ohun tí màá dúró gbọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tó máa ń bá yín mú fìlà.