Ẹsẹ̀ Tútù

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kẹwàá
Mo wẹ̀ láàárọ̀, omi tutù rinrin. Mo padà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi ẹsẹ̀ tútù kan ojúgun Olówó-orí-mi bí ìṣe mi. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, á fò sókè ni: "Yéè! Obìnrin yìí, o fẹ́ pa mí!" A ó wá rẹ́rìn-ín. Lónìí — kò mira. Ó ń tẹ fóònù ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Kò mira.

Ọjọ́bọ̀, 9
Mo ti mọ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ni. Orúkọ tí mo sọ obìnrin tuntun tí wọ́n gbà sí yàrá yìnyín níbi iṣẹ́ wọn nìyẹn, níbi tí wọ́n ń kó ẹja sí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán lẹ́nu ọkọ mi. Ẹsẹ̀ ta ló ti mọ́ ọn lára tí tèmi ò fi ta á lára mọ́? Kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀ sùúrù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11
Àbúrò mi obìnrin rí wọn, wọ́n jọ ń sọdá títì, Ẹlẹ́rìn-ín di apá ọkọ mi mú. Di apá mú! Àbúrò mi ní kí n yé jowú. Mò ń jowú, kí ló dé? Ọkọ ta ni?

Ọjọ́ Ajé, 13
Mo lọ ká Ẹlẹ́rìn-ín mọ́bi iṣẹ́. Òtútù yàrá yẹn gbá mi lójú, eyín mi ń lu ara wọn. Èébú ti kún ẹnu mi. Ó kúnlẹ̀: "Ìyàwó ọ̀gá, ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ rí." Ó ní bàtà rọ́bà ọ̀gá ya, yìnyín wọ inú ẹ̀, ọ̀gá ò mọ̀ títí iṣẹ́ fi parí. Ó ní wọ́n tún ń ṣubú, òun ló ń dì wọ́n mú lọ sílé ìwòsàn. "Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún yín."
Mo gbé èébú mi mì. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ ṣáájú mi! Èmi, ìyàwó! Owú eléyìí wá burú ju tàkọ́kọ́ lọ.

Ọjọ́rú, 15
Mo tẹ̀ lé Olówó-orí-mi lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní kó dijú. Ó fi irin tútù kan ojúgun rẹ̀, ó fi kan àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ń ṣàlàyé fún mi pé awọ ara ló ń mọ òtútù, iṣan ló ń jíṣẹ́ ẹ̀ fún ọpọlọ, pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ba iṣan wọ̀nyẹn jẹ́. Olówó-orí-mi dijú síbẹ̀: "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ọjọ́ Ẹtì, 17
Mo wẹ̀. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó kẹ́yìn sí mi, ó gbọ́ bí bẹ́ẹ̀dì ṣe dún.
"Yéè! Obìnrin yìí, o fẹ́ pa mí!" Ó fò sókè, ó ń rẹ́rìn-ín.
Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ṣì wà nílẹ̀.