Sípíríǹgì Tí Màmá Yàn

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àjò o. Ṣé ìyàwó wa àti àwọn ọmọ wà dáadáa? Ẹ̀yìn tó ń dun Màmá ti ń fúyẹ́.

Ẹ gbọ́ o, mọ́tò Bàbá tó jù yín lọ lọ́jọ́ orí ti ń rìn! Sípíríǹgì líle, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré ìje, ni mo kọ́kọ́ ní kí mẹkáníìkì fi sí i. Kòtò àkọ́kọ́ tá a já sí báyìí, Màmá pariwo láti ìjókòó ẹ̀yìn: "Ṣé àpò sìmẹ́ńtì lẹ kó ni?" La bá pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó rọ̀, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tuntun. Nígbà tá a tún gba orí kòtò yẹn, Màmá ti sùn lọ fọnfọn!

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀nà yín ní kòtò. Màmá ní mọ́tò ti ṣe tán. Ọmọ tó ń bọ̀ wálé tí àwọn máa fi lọ pàdé ni àwọn ò tíì rí.

Àbúrò yín.