Sí Ọkọ Ìyá Olówùú: Ìbéèrè Tí A Fi Ẹ̀rín Bi Yín

Bàbá wa ọ̀wọ́n,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn tí kò tíì rí omijé sun ni àwa ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé yìí, àti ẹgbẹ́ àwọn tó ń ka ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ́dọ̀ wa, fi ń kọ̀wé sí yín lórí ikú aya yín, Ìyá Olówùú, ẹni tó ń bá wa tún ìwé ṣe. Láti ìgbà tí a ti gbọ́ ni ara wa ti kú tipiri. À ń ṣílẹ̀kùn, à ń to ìwé, à ń tilẹ̀kùn. Ẹni tó bá béèrè àlàáfíà wa, a ó ní a dúpẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ariwo nínú. Yàrá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, fèrèsé ibẹ̀ kì í tì dáadáa, òórùn gọ́ọ̀mù kì í sì í kúrò níbẹ̀. Bí ìwé tó ya bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á kọ́kọ́ bá a wí bí ọmọ tó lọ jà níléèwé, kó tó gbé abẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ ìwé tó yẹ ká ti kó dànù ló ṣì wà lórí àtẹ nítorí ọwọ́ rẹ̀.

Òun náà ló dá ẹgbẹ́ òǹkàwé ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ sílẹ̀. Irú ìtàn kan ṣoṣo ni wọ́n ń kà níbẹ̀: ìtàn ìlú kékeré, níbi tí àwọn aládùúgbò ti mọ orúkọ ajá ara wọn, tí ẹnì kan á kú láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ta sí ẹnikẹ́ni láṣọ, tí opó kan tó ń ta òdòdó á sì máa tọ pinpin ọ̀rọ̀ náà títí àṣírí á fi tú. Wọ́n á se tíì, wọ́n á jẹ bísíkíìtì, wọ́n á máa fura sí gbogbo èèyàn. Òfin Ìyá Olówùú ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọjú wo ìparí ìwé. Nígbà tó rí i pé olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì láàárín wọn kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu, ó fi òwú pupa rán orí tó kẹ́yìn pọ̀. Láti ìgbà náà ni gbogbo ìwé ẹgbẹ́ ti ń gba òwú pupa, ibẹ̀ sì ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

Nígbà kan, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wọn bi í pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí nínú ìwé òkú? Èmi tí mò ń rí òkú níbi iṣẹ́, mi ò fẹ́ rí i mọ́ tí mo bá délé."

Ìyá Olówùú kò gbójú kúrò lára òwú tó ń fà. "Kì í ṣe òkú ni mò ń kà," ó ní. "Níbi tá a wà yìí, èèyàn á kú, ẹni tí wọ́n jọ pín ògiri ò ní mọ̀. Bó bá tiẹ̀ mọ̀, á ní ó mà ṣe o, á bá tiẹ̀ lọ. Nínú ìwé yìí, ẹnì kan ló kú, oníbúrẹ́dì ti ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ìlú dúró, wọ́n ń bira wọn pé ta ló rí i kẹ́yìn. Ó wù mí kí wọ́n máa béèrè èèyàn."

Ìbéèrè yẹn ni ẹgbẹ́ náà sọ di eré. Bí ìpàdé bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá dé kẹ́yìn á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fajú ro, á kéde pé ẹnì kan ti kú. Àwọn tó kù á dá a lóhùn pọ̀ pé, "Ta ló rí i kẹ́yìn?" Wọ́n á wá bú sẹ́rìn-ín.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bàbá, ẹ̀yin lẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ká fìlà mọ́wọ́. Wọn ò mọ̀ yín lójú. Wọ́n rò pé Ìyá Olówùú ló rán ẹni tuntun wá ṣeré.

Ẹ ní, "Ẹ káàsán o. Ìyá Olówùú ti kú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ta ló rí i kẹ́yìn?"

Ẹ dá wọn lóhùn bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ọ̀nà: "Èmi ni. Ó ń kàwé fún mi, ó ní kí n jẹ́ kí òun sinmi ojú díẹ̀."

Ẹ yí padà, ẹ lọ. Kò sẹ́ni tó lè dìde tẹ̀ lé yín. Tíì tutù sínú ife.

Àwọn àgbà ní ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Àìmọ̀ ni, ó sì ń dùn wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì wá.

Ọmọ yín obìnrin ti sọ fún wa pé ojú yín kò gbé ìwé mọ́, pé ìyá rẹ̀ ló ń ka ìwé ẹgbẹ́ fún yín lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé "ìwọ àti àwọn apànìyàn rẹ," ti ń fura sí dókítà inú ìwé náà láti orí kejì. Ó ní ìwé náà ṣì wà lórí tábìlì, òwú pupa wà lára rẹ̀, ẹ ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó bi wá bóyá kí òun dá a padà. A ní kó fi í sílẹ̀ fún yín.

Bí ẹ bá gbà wá láyè, ẹgbẹ́ yóò máa wá sílé yín ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ láti máa kàwé fún yín. Olùkọ́ ni yóò ka orí tó kù. Ó ti búra pé òun kò yọjú wò ó. Ẹ̀yin ni ẹ ó já òwú náà. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣíwèé rárá, a ó kọ́kọ́ tún bi yín pé ta ló rí i kẹ́yìn, a ó sì jókòó gbọ́ yín títí ẹ ó fi sọ ọ́ tán.

Kí Ọlọ́run tí kì í gbàgbé láti béèrè ẹnikẹ́ni máa béèrè yín láràárọ̀. Kí ó tu ẹ̀yin àti ọmọ yín nínú, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ibi tó ya.

Akọ̀wé,
Ní orúkọ ìgbìmọ̀ ilé ìkàwé àti ẹgbẹ́ òǹkàwé ọ̀sán Ọjọ́bọ̀