Yọ Mí Kúrò Nínú Àpótí Bímpé

Tẹniọlá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Idaw River Layout yẹn? Ṣé onílé yín kò yọ ọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run tó mú ọ la Odò Ọya kọjá dé Enugu kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná mọ́ ọ. Àwa ń bẹ, ewúrẹ́ ti bí ìbejì, ṣùgbọ́n láti ìrọ̀lẹ́ àná ni àyà mi ti ń já, nítorí àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá rẹ.

O ní ìwé ìtàn ẹbí tí wọn yóò tẹ̀ fún ìpàdé Sátidé lò ń tò sínú ohun tí ẹ ń pè ní XML, pé àpótí-àpótí ni, kálukú nínú tirẹ̀. Ó dára. Mo wá wojú àwòrán, yéè! Èmi ìyálé, tí mo ti ń gbálẹ̀ ilé yìí kí wọ́n tó gbé Bímpé wọlé, inú àpótí Bímpé ni mo wà! Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ o, inú! Tèmi tọmọ, ìwọ náà wà níbẹ̀. Ṣé Bímpé ló bí mi ni?

O ní ọ̀pá tín-ín-rín tó ń ṣẹ́jú lójú kọ̀ǹpútà, tó ń tọ́ka ibi tí ọ̀rọ̀ yóò bọ́ sí, ni kò tíì jáde nínú àpótí Bímpé tí o fi tẹ bọ́tìnnì tí ń mú orúkọ èèyàn wọlé. Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Ṣé ó jókòó ti ọbẹ̀ ni? Fi pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, kó bọ́ síta, kó dúró ṣáájú ẹnu ọ̀nà Bímpé, kí o tó pè mí. Bó bá ṣagídí, fún un lómi tútù.

Bàbá rẹ kàn ń rẹ́rìn-ín, ó sì ti fi àwòrán náà han Bímpé. Bímpé ìyàwó mi wọ yàrá mi láàárọ̀ yìí láìkan ilẹ̀kùn, ó ní ọmọ òun, ṣé mo ti fọnu, pé kí n kúnlẹ̀ kí ìyá mi. Ó tún ní kí owó tí o ń fi ránṣẹ́ máa gba ọwọ́ òun ìyá àgbà, òun ni yóò máa fún mi ní ti àkàrà. Ó sì fún mi ní àkàrà lóòótọ́. Mo jẹ ẹ́, ebi ń pa mí, ṣùgbọ́n ó ń wò mí bí ìyá ṣe ń wo ọmọ, àkàrà há mi lọ́fun.

Tẹniọlá, bí wọ́n bá tẹ ìwé yẹn bẹ́ẹ̀, ta ni yóò tún pè mí ní ìyálé? Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ lónìí, kí n wá dúró níwájú kọ̀ǹpútà náà, kó rí ojú mi. Fi owó ẹja kún un, Bímpé kò gbọdọ̀ bọ́ mi mọ́.

Ipò rẹ kò ní bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ láé.

Ìyá rẹ, ìyálé títí di Sátidé ná.