Okùn Tó Dí Ọ̀nà Òkè

Ọjọ́rú, 7 oṣù Ògún
Ẹnìkan ti dí ọ̀nà mi! Mò ń sáré bọ̀ lórí òkè yanrìn gígùn tí yìnyín ńlá ayé àtijọ́ wọ́ jọ sẹ́yìn abúlé wa — gbòǹgbò igi lọ́tùn-ún, kòtò tó lè gbé ilé alájà mẹ́ta mì lósì — ni okùn aṣọ bá gbá mi lọ́rùn. Aṣọ ìnura, àti pátá kan tó lè bo ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá kan láti Helsinki, olú-ìlú wa, ló ra ilé ìsinmi tó wà nísàlẹ̀. Torsti lorúkọ rẹ̀. Lọ́dọ̀ tèmi, Baba Okùn ni. Ó ní, "Ọmọ yìí, inú àgbàlá mi lo wà." Àgbàlá kẹ̀? Láàárín igbó!

Ọjọ́bọ̀, 8
Ó gbọ́n. Òfin wa ni pé gbogbo ayé ló ni igbó: rìn, sáré, ká èso. Àgbàlá onílé nìkan lèèyàn ò gbọdọ̀ gbà kọjá. Òun náà sá aṣọ sínú igbó, igbó di àgbàlá! Lónìí ó ti gbé jangirọ́fà síbẹ̀.

Àìkú, 11
Ìyá Àgbà, ìyá màmá mi, ni alága eré-ìje òkè tí à ń sá lọ́dọọdún. Ìgbìmọ̀ rẹ̀ ti ṣèpàdé: ojú títì ọlọ́dà la máa sá a lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Títì! Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ̀ ń bẹ̀rù okùn aṣọ?" Ó ní, "Pihla, ẹnu rẹ yá ju ẹsẹ̀ rẹ lọ. Ta ló fẹ́ bá aládùúgbò jà dójú ikú?"
Mo ní, "Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ò bá tẹ̀, koríko á jẹ ẹ́." Ó ń fọ abọ́ lọ ní tiẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 13
Mo sá kọjá. Baba Okùn lé mi. Sálúbàtà rẹ̀ kan ti wà nínú kòtò báyìí.

Ọjọ́bọ̀, 15
Lónìí ó na apá méjèèjì dí ọ̀nà. "Màá pe ọlọ́pàá! Àgbàlá ni mo pè é!"
Ọgbọ́n kan bá sọ sí mi lórí. Mo fìdí lé jangirọ́fà rẹ̀. "Bàbá, tó bá jẹ́ àgbàlá, àlejò yín ni mí nìyẹn. Kọfí mi dà?"
Nílẹ̀ yìí, ẹni tó lé àlejò láìfún un ní kọfí, wọ́n á ṣì máa sọ ọ́ níbi ìsìnkú rẹ̀. Ó wọlé. Ó gbé kọfí jáde! Ó korò bí ọ̀dà. Mo mu ún tán, mo dúpẹ́, mo sáré ibi tó kù.
Nígbà tí mo ròyìn fún Ìyá Àgbà, ó ní ọ̀yájú ni mí. Ó kọjú sógiri. Ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì — ẹ̀rín ni!

Ẹtì, 16
Ìyá Àgbà ò gbé fóònù sílẹ̀ látàárọ̀.

Àbámẹ́ta, 17
Orí òkè la gbà! Èmi ni mo ṣáájú. Mo dé ìdí okùn, mo dúró wámú. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. A wá kí yín nínú àgbàlá yín."
Ó wo ẹ̀yìn mi. Àwọn sárésáré rọ́ dé bí eéṣú, òógùn ń kán tótó. Kò sẹ́ni tó kọjá okùn. Wọ́n tò, bí ẹni tó fẹ́ gba oúnjẹ.
"Ẹ tó mélòó?"
"Gbogbo abúlé."
Ìyá Àgbà ti jókòó sórí jangirọ́fà. "Torsti, fi wàrà díẹ̀ sí tèmi. Má fi ṣúgà sí i o." Ẹnìkan lẹ́yìn ń béèrè búrẹ́dì aládùn.
Baba Okùn gbé ìkòkò kọfí kékeré rẹ̀ jáde, ó wò ó. Ó wò wá. Ó gbé ìkòkò sílẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn náà.
"Igbó ni," ó ń kùn. "Igbó ni. Ẹ máa lọ."
Mo ní, "Ẹ tún un wí, Bàbá. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."
Ó tún un wí.