Púlì Ọwọ́ Òsì

Sátidé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta
Wọ́n tún gbẹ̀yìn. Ọkọ̀ méje ló ń fi aṣọ sáré lórí omi, tiwa ló ṣe ìkeje. Létí omi ni mo ti ń wò wọ́n, Ìjọba wà lẹ́yìn mi. Ọmọ mi ni Ìjọba — oṣù mẹ́ta péré, ṣùgbọ́n ohun tó bá sọ labẹ́ gé. Bàbá rẹ̀, Mo-Ti-Mọ̀, ló ń di okùn aṣọ iwájú mú nínú ọkọ̀. Tó bá délé, atẹ́gùn ló máa jẹ̀bi.

Sọ́ńdè, ọjọ́ karùn-ún
Atẹ́gùn ló jẹ̀bi.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹfà
Ọ̀gá Irùngbọ̀n tó ni ọkọ̀ sọ pé ìdíje méjì ló kù. Tí aṣọ iwájú ò bá gbéra, òun á wá ẹlòmíì tí á di okùn mú. Iṣẹ́ yẹn ló sì ni yàrá tá à ń gbé. Iṣẹ́ lọ, yàrá lọ. Níbo ni màá gbé ọmọ yìí sí? Ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ti mọ̀ ọ́n, òun á fa okùn le sí i. Ó ti mọ̀ ọ́n látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Ohun tó mọ̀ gan-an ni mi ò tíì rí.

Wẹ́sìdeè, ọjọ́ kẹjọ
Wọ́n gbé ọkọ̀ jáde lọ dánra wò, wọ́n sún mọ́ etí omi. Èmi ni mo rán òwú pupa mọ́ aṣọ iwájú yẹn, láti òkè dé ìsàlẹ̀ — òwú fìlà Ìjọba tí kò gba orí ẹ̀ mọ́. Tí atẹ́gùn bá ń gba ara aṣọ bó ṣe yẹ, òwú á sùn jẹ́ẹ́. Ti ìsàlẹ̀ sùn. Ti òkè ń jó bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ.
Mo ti rí irú ẹ̀ rí. Ẹ̀yìn mi níbí! Tí ìsàlẹ̀ aṣọ ìpọnmọ bá fún tí òkè dẹ̀, Ìjọba á máa fì bí ọ̀mùtí. Kí n fà á le kọ́. Ibi tí mo ti ń fà á ni màá sún.
Okùn aṣọ iwájú yẹn gba inú púlì, kẹ̀kẹ́ kékeré tí okùn ń yí lé, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Púlì jókòó sórí irin tó ní ihò. Ihò kọkànlá ló wà. Tó bá sún síwájú, á fa aṣọ wálẹ̀, òkè á gbá mọ́.
Mo sọ ọ́. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí. "Ìyàwó mi, ṣé kí n tún fún ọkọ̀ lọ́mú ni?"

Sátidé, ọjọ́ kọkànlá, àárọ̀
Èmi ni mo máa ń nu ọkọ̀. Mo yọ irin kékeré tó di púlì òsì mú, mo sún un síwájú sí ihò kẹsàn-án. Bí mo ṣe kọjú sí tọ̀tún, Ìjọba figbe ta. Mo gbọ́ bàtà Ọ̀gá. Mo sá.

Ìrọ̀lẹ́
Mo gbé! Tí aṣọ bá bọ́ sósì, ọkọ̀ á sá bí ìgalà. Tó bá bọ́ sọ́tùn-ún, á wọ́ bí ìgbín. Ìgalà, ìgbín, ìgalà, ìgbín — wọ́n ṣe ìkẹrin. Ọ̀gá ń pariwo, ta ló fọwọ́ kan púlì? Ọkọ mi rí ìbọ̀sẹ̀ Ìjọba kan tó há sábẹ́ irin òsì. Ó tì í bọ àpò. Ó ní, "Èmi ni, sà."

Sọ́ńdè, ọjọ́ kejìlá
Ó gbé ìbọ̀sẹ̀ síwájú mi. "Kí ló dé tó ò ṣe tọ̀tún?" Mo ní, "Ọmọ yín ló ń ké." Ẹ̀rín pa á débi pé ó jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n o." Mo fẹ́ kọ ọjọ́ náà sára ògiri! Ṣùgbọ́n ó ní òun á sọ òótọ́ fún Ọ̀gá. Mo bẹ̀ ẹ́. Kò gbà.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàlá
Ó ti sọ ọ́. Ọ̀gá kàn ń fa irùngbọ̀n. Mo ti di ẹrù ọmọ sílẹ̀.

Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún
Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí kí ọkọ̀ tó jáde. Ó ní, "Ìyá Ọmọ, atẹ́gùn òní le ju ti ọjọ́sí lọ. Ihò wo?"
Gbogbo wọn ń wò mí. Mo rò ó. Tí Ìjọba bá ń jà lẹ́yìn mi, mi ò ní fún un pa, màá dẹ òkè fún un díẹ̀.
"Kẹwàá, sà. Lọ́tùn-ún, lósì."
Ọkọ mi ti fẹ́ sọ pé òun ti mọ̀. Ó gbé e mì.
Ìkejì ni wọ́n ṣe. Ọ̀gá ní kí ọkọ mi máa di okùn rẹ̀ mú lọ. Mo ti tú ẹrù ọmọ. Mo-Ti-Mọ̀ ní bí kì í bá ṣe atẹ́gùn ni, àwọn ni ìbá gba ipò kìíní.